Ẹnu Mi Ni Wọ́n Yá: Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Mi ní Houston

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, mo mọ̀ pé dókítà, ẹnjiníà àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn òbí yín ń kà sí yín létí láràárọ̀. N kò bá wọn jà. Ẹnjiníà ni ọkọ tèmi náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá sọ bí mo ṣe lo ayé mi lẹ́nu iṣẹ́, inú mi dùn, torí iṣẹ́ kan wà tí ẹni tó gbọ́ èdè méjì lè ṣe, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni. Ẹnu mi ni mo fi jẹun ní ìlú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni mo ń fi í sọ.

Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí mi sí, létí ibodè, níbi tí ohùn àwọn ará Kétu ti jẹ́ ohùn aládùúgbò fún wa. Tíṣà ni mí nílé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá kàwé ní Houston. Ó parí, ó ríṣẹ́, ó ránṣẹ́ pè mí. Sharpstown la kọ́kọ́ gbé, nínú apartment kan tí ará Vietnam wà lókè wa, tí ará Guatemala wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ọmọ Íbò wà lọ́wọ́ òsì. Èmi tí mo ti ń dúró níwájú kíláàsì, mo di ẹni tó ń jókòó ti fèrèsé. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi lójú, mo létí, mo lẹ́nu, n kò rí ibi tí mo máa lò wọ́n.

Obìnrin kan ní ìjọ ló sọ fún mi pé ilé ìwòsàn ìjọba ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ó ní òfin wà pé ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ lé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa túmọ̀ fún un, wọn ò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Ìjọba wo ló máa sanwó fún èèyàn torí pé ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀? Mo lọ, wọ́n dán mi wò, wọ́n gbà mí. Ẹ má bi mí léèrè owó oṣù. A jẹun, àwọn ọmọ kàwé.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Miss Alma ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Mexico ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó kúrú, bàtà rẹ̀ kì í dún, o kàn máa rí i lẹ́yìn rẹ ni. Spanish lòun ń túmọ̀, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, síbẹ̀ òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń túmọ̀ Yorùbá. Ìlànà rẹ̀ ò pọ̀: má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀. Bí aláìsàn bá bú dókítà, túmọ̀ èébú náà. Bí ó bá sunkún, dákẹ́, má bá a sunkún. Má sọ pé "ó ní ara ń ro òun". Sọ pé "ara ń ro mí". Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹnu rẹ ni wọ́n yá. Wọn ò yá ọgbọ́n orí rẹ."

Ìyẹn ni mi lára gidigidi. Ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ mi. Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ká rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá gùn, ká gé e kúrú níwájú ẹni tó níṣẹ́ í ṣe. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé yẹn ni Miss Alma ní kí n gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.

Bàbá àgbàlagbà kan ló jẹ́ kí ó yé mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló mú un wá láti Ìbàdàn, orúnkún ló sì gbé e wá sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà béèrè ìgbà tí orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá gbójú sókè, ó ní:

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọjọ́ tí a sin ìyá àwọn ọmọ mi ni. Etí ibojì ni ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Mi ò lè wí, torí ẹkún ni gbogbo wọn ń sun, mo bá gbé e mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dùbúlẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn mí ni, àbí òun ni mò ń rò."

Mo kọjú sí dókítà, mo ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀."

Miss Alma wà lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ pẹ́ tó èèyàn mu ife kọfí kan tán. Gbólóhùn kékeré méjì lo gbé jáde. Ìyókù dà?"

Mo ní, "Ìyókù kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún, mà."

"Ìgbà wo lo di dókítà?"

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ibojì, ẹkún, ìdùbúlẹ̀, láìfi ìkan pamọ́. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Kò bi bàbá nípa orúnkún mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ta ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ bá lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ní, "Èmi àti tẹlifíṣọ̀n ni." Ìjọba ìbílẹ̀ ní ilé kan tí àwọn àgbàlagbà máa ń lò lọ́sàn-án, bọ́ọ̀sì á wá gbé wọn, á sì dá wọn padà. Wọ́n fi bàbá síbẹ̀. Nígbà tí mo tún rí wọn, wọ́n ní àwọn àti bàbá ará Ṣáínà kan ni wọ́n jọ ń ta dómínò, ọ̀kan ò gbọ́ èdè èkejì. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúnkún ò tíì lọ tán o. Ṣùgbọ́n mo ti ń sùn."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Miss Alma sọ ìdí tí òun fi le tó bẹ́ẹ̀ fún mi. A jọ ń jẹun ọ̀sán ni. Ó ní ọmọ ilé ìwé kékeré lòun nígbà tí òun tẹ̀ lé ìyá òun lọ sí ilé ìwòsàn kan, ìyá wà nínú oyún. Kò sí ògbufọ̀ láyé ìgbà yẹn. Dókítà kọjú sí ọmọ, ó ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti kú.

Miss Alma ní, "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ìyá ẹni. Mo ní, 'Mọ́mì, wọ́n ní ọmọ náà ń sùn.' Ìyá mi sì rẹ́rìn-ín músẹ́."

 Ó fi ìka tẹ tábìlì. "Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ di òfin pé wọn ò gbọdọ̀ fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ fún òbí rẹ̀ mọ́, àwọn kan ní ìjọba ń fowó ṣòfò. Èmi mọ ohun tí wọ́n rà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí wọ́n ń pè ní ètò ìrànwọ́ fún àlejò. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹ̀, ìyá tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ni mo máa ń rí.

Ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ yí padà lójú mi. Bípà, ẹ̀rọ pélébé tí à ń fi kọ́ ìbàdí, ni mo kọ́kọ́ lò. Á dún, màá wá fóònù, màá ṣí ìwé àwòrán ọ̀nà sórí itan, màá gba freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, láti Sharpstown títí dé Greenspoint ní òdìkejì ìlú lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó yá, wọ́n fi wá sórí fóònù. Mo lè jókòó sílé mi kí n sì wà ní ilé ìwòsàn mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, torí n kò rí ojú ẹni tí mo ń túmọ̀ fún. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n onítáyà dé, wọ́n á tì í dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ojú mi á sì yọ nínú rẹ̀. Ní báyìí, fóònù kan náà ló ń dá túmọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wúlò, n kò bú u. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan pẹ́ dé, tó ní ọkọ̀ òun ló bàjẹ́ lọ́nà. Fóònù nọ́ọ̀sì ní ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, ó ní kí ó pẹ̀lẹ́, pé àwọn ọkùnrin a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wa nígbà tí mo là á yé wọn.

Òjò ńlá yẹn wá dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Houston, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé òjò fún yín. Freeway di odò, òkè àwọn ọkọ̀ akẹ́rù nìkan là ń rí. Miss Alma ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Omi dé iwájú ilé wa, ọkọ mi ń kó àwọn nǹkan sórí tábìlì, èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fóònù iṣẹ́ létí, torí ìpè ò dáwọ́ dúró láti àárọ̀, láti ilé ìwòsàn àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ èèyàn nínú omi.

Ní nǹkan bí ọ̀sán, panápaná kan pè láti Greenspoint. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà apartment kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Omi ti gba gbogbo ìsàlẹ̀, ó sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Obìnrin kan wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ, kò ṣílẹ̀kùn. Aládùúgbò ní ó lóyún, àti pé Yorùbá ló ń sọ. Panápaná náà ní òun lè já ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ló fara tì, òun ò sì fẹ́ ṣe aboyún léṣe. Ó gbé fóònù sí ẹnu ihò kọ́kọ́rọ́.

Mo sọ ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ: "Ẹ ǹlẹ́ o. Ògbufọ̀ ni mí. Gbogbo ohun tí ẹ bá wí ni màá wí fún wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá wí ni màá wí fún yín."

 Nígbà tó máa fọhùn, ohùn Kétu ni. "Ta ni wọ́n? Ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ ìjọba. Wọ́n ń kó èèyàn."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Panápaná dáhùn: "Èmi kì í kó èèyàn. Panápaná ni mí."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ni obìnrin náà bá fi ìbínú sọ pé, "Panápaná? Omi ló ń gbé wa lọ níbí! Iná wo ló ń jó?"

Kí ni mo lè ṣe? Mo túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wà; iná wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín nínú omi yẹn, bí ẹni tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìjẹta.  Mo rò pé obìnrin náà ń gbọ́ ẹ̀rín náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ahọ́n ń yún mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó wù mí kí n sọ pé, "Ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn, ará Ìmẹ̀kọ ni mí, èmi ni ìyá rẹ níbí." Ṣùgbọ́n n kò rí ọkùnrin tó dúró níbẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí. Bí mo bá fi ohùn ìyá fà á jáde, tí nǹkan mìíràn sì ṣẹlẹ̀ sí i, ta ni yóò tún gbọ́ Yorùbá lórí fóònù tí yóò gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó fi mọ irú ẹni tó jẹ́.

Obìnrin náà ní, "Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa béèrè ìwé ìgbélùú mi."

Ọkùnrin náà dáhùn: "Mi ò béèrè ìwé. Iye èèyàn tó wà nínú ilé ni mò ń béèrè, kí n lè wá àyè fún wọn nínú ọkọ̀ ojú omi." Ó wá ní, "Sọ fún un pé ìyá tèmi náà ò gbọ́ èdè ibí nígbà tó dé. Inú rẹ̀ ni mo wà."

Mo sọ fún un pé, "Ìyá tèmi náà ò gbọ́ èdè ibí nígbà tó dé. Oyún mi ló gbé wá."

Ìró omi ni mo ń gbọ́, àti ọmọ kan tó ń sunkún. Obìnrin náà béèrè, "Ṣé obìnrin wà nínú ọkọ̀ yín?"

Kí panápaná tó dáhùn, ohùn ìyá arúgbó kan ké ní Spanish látinú ọkọ̀ náà nísàlẹ̀. N kò mọ ohun tó wí, n kò sì túmọ̀ rẹ̀. Ó jọ pé kò nílò ìtumọ̀. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Lẹ́yìn náà ni fóònù kú.

N kò mọ bó ṣe parí. Ìpè mìíràn ń wọlé, mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n etí mi wà ní Greenspoint. Nígbà tí omi fà díẹ̀, wọ́n kó àwa ògbufọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kó àwọn tí omi lé nílé sí. Mo dúró níbi tábìlì oúnjẹ àwọn aboyún, mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ni obìnrin kan lórí ìlà bá kígbe lẹ́yìn mi: "Ohùn yẹn nìyẹn! Ohùn inú fóònù!"

Mùínátù lorúkọ rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti yọ gan-an, ọmọ méjì dì mọ́ yẹ̀rì rẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra tó fi jẹ́ pé mo gbọ́ bí ọmọ inú rẹ̀ ṣe ta mí nípàá. Ìlànà Miss Alma ní kí n má sunkún. Ọjọ́ yẹn, mo wo òkè àjà títí ojú mi fi gbẹ.

Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó wo páálí wàrà àti ẹyin tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. "Màmá, wọ́n ní ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ìjọba, wọn ò ní fún un ní ìwé ìgbélùú mọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ògbufọ̀ kì í gba èèyàn nímọ̀ràn. Mo mú un lọ sí tábìlì kejì, níbi tí amòfin obìnrin kan jókòó sí tó ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Amòfin gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ní, "Oúnjẹ aboyún yìí, oúnjẹ tí àwọn ọmọ máa jẹ nílé ìwé, àti ìrànwọ́ omíyalé yìí, wọn ò ní kà wọ́n sí yín lọ́rùn. Àwọn ìrànwọ́ mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi mí nípa wọn kí ẹ tó gbà wọ́n." Mùínátù ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó padà lọ gbé wàrà, ó bù fún àwọn ọmọ kó tó mu tirẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Sàídì, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní La Porte lẹ́yìn ìlú nígbà tí ojú ọ̀nà dí. Kò mọ̀ bóyá wọ́n wà láàyè. Nígbà tó wọ gbọ̀ngàn náà tó rí wọn, kò sáré, kò kígbe. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dé, ó tú bàtà rẹ̀, àwọn ọmọ ló sáré lọ bá a. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó má ṣílẹ̀kùn." Mùínátù sọ fún un pé, "Mo ṣí i." 

Mo pe Miss Alma lórí fóònù, mo ròyìn fún un. Ó bi mí pé, "Ṣé o fi kún un?" Mo ní rárá. "Ṣé o yọ kúrò níbẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá oríyìn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ìjọba kì í ṣe màláìkà. Mo ti rí i tí ètò kan ṣí lónìí tí wọ́n tì í lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti rí ìdílé tó pàdánù ohun tó tọ́ sí wọn torí àhesọ tí wọ́n gbọ́ níbi ìdirun. Síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìlú yìí sanwó kí ẹnu mi lè gbé ọ̀rọ̀ àjèjì dé etí dókítà. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àlejò ní kíláàsì tiwọn títí wọ́n fi lè bá ẹgbẹ́ jókòó. Wọ́n ṣí ilé ìwé fún àwọn ìyá wọn náà láàárọ̀, wọ́n sì wá ẹni tó máa bá wọn gbé ọmọ ọwọ́. Mo dúpẹ́. Mo tún un sọ, mo dúpẹ́.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Olùkọ́ fẹ́ bá ìyá ọmọ kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí ògbufọ̀ Yorùbá wá. Mo wọlé, mo bá Mùínátù níbẹ̀. Ọmọ tó wà níkùn rẹ̀ lọ́jọ́ omíyalé ni wọ́n torí ẹ̀ pè é, olùkọ́ ní ọmọ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́.

Mo fa àga sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, mo la ẹnu láti sọ ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ. Mùínátù gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn jókòó tì mí. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

Ó kọjú sí olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń rí i. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe aláìgbọ́ràn, etí ọ̀tún rẹ̀ ni kò gbọ́ràn dáadáa, òun sì fẹ́ kí wọ́n mú un wá síwájú kíláàsì, kí wọ́n sì bá òun wá ẹni tó máa yẹ etí náà wò. Olùkọ́ bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Èmi jókòó, mo pa ẹnu mọ́, ọwọ́ mi wà lórí itan mi. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó èyí tí n kò sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi aṣọ nu òógùn ojú.

"Màmá, ṣé wọ́n gbọ́ mi?"

Mo ní, "Wọ́n gbọ́ ọ, ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́."